Ohun Tó Wà Nínú Àpò Kóòtù

Ní ọjà Misẹbo, òfin kan wà láàárín àwọn olókìrìkà tó ń ta aṣọ àlòkù: ohunkóhun tí wọ́n bá rí nínú àpò aṣọ, ti ẹni tó tú bẹ́ẹ̀lì aṣọ náà ni. Òfin yìí ni Ràhámátù, ará Pobè, fi ní òrùka wúrà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ti ń tú bẹ́ẹ̀lì tuntun, rédíò Ṣẹ̀ríìfù, aládùúgbò rẹ̀ lọ́jà, ń sọ̀rọ̀ òkúta ńlá kan tó ń bọ̀ lójú ọ̀run.

Ṣẹ̀ríìfù ní, "Ìyá wa, wọ́n ní ká má fòyà, pé yóò kàn kọjá ni."

Ràhámátù pòṣé. "Jẹ́ kó máa bọ̀ jàre. Ṣé èmi ló ń wá bọ̀ ni?"

Ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù kan, ó sì fa òkúta kékeré yọ. Ó dúdú bí èédú, ó sì ń gbóná bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná. Ó gbé kóòtù náà sókè wò. Iná ti jó ihò sí i láyà, ó jó òmíràn sí i lẹ́yìn, bí ẹni pé ohun kan gba àyà ẹni tó wọ̀ ọ́ kọjá. Oòrùn gba ihò méjèèjì kọjá, ó tàn róbótó sí àyà Ràhámátù.

"Kí lẹ rí níbẹ̀, ìyá wa?"

Kóòtù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣubú sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ róbótó náà kò kúrò láyà rẹ̀.