Iyọ̀ Umm Wajih Lẹ́nu Ibodè

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú àlàáfíà. Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó jẹ́ kí ojú wa là láàárọ̀ yìí, nítorí kò sí ẹni tó fi agbára ara rẹ̀ jí. Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ ná kí n tó ráhùn, torí ìráhùn wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Mo lá àlá kan lóru àná. Nínú àlá náà, ọ̀sán gangan ni, mo sì wà lórí ìlà. Ẹ má bi mí pé ìlà kí ni. Ẹni tó bá ti lá àlá rí mọ̀ pé a kì í béèrè, a kàn ń tò ni. Ọ̀nà olókùúta ni, oòrùn sì mú gan-an. Ògiri kan wà níwájú wa tó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, géètì irin kékeré kan ló ní. Mo mú àwòrán ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn Ìwé Mímọ́ mi lọ́wọ́, èyí tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Mo wò ó títí. Odò Jọ́dánì wà níbẹ̀. Bẹ́tílẹ́hẹ́mù wà níbẹ̀. Ògiri yìí kò sí níbẹ̀.

Ìyá àgbà kan ló wà níwájú mi, ó fi ìborí funfun bo orí, ó di ìgò òróró ólífì kan mú àti àpò iyọ̀ kékeré. Mo kí i, mo sì bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta lẹ bá tan nínú àwọn ará ìgbàanì?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ará ìgbàanì wo? Umm Wajih lorúkọ mi. Ọmọ Palẹstínì ni mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọ ìlú yìí."

Ojú tì mí. Láti kékeré ni mo ti ń kọrin nípa ilẹ̀ náà, àṣé mo rò pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti kó lọ nígbà tí ìwé parí. Èdè Lárúbáwá ló ń sọ, mo sì ń gbọ́ ọ kedere. Ìyá Wajih ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, bí àwa náà ti ń fi orúkọ ọmọ pe ìyá.

"Rihab ọmọ mi bímọ ní òru mọ́jú òní, obìnrin ni, àkọ́bí rẹ̀ ni," ó wí. "Ilé rẹ̀ nìyẹn." Ó nawọ́ sí òdìkejì ògiri. Mo rí òrùlé ilé náà lórí òkè, mo rí aṣọ ọmọ tí wọ́n sá síbẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe ń ké, à ń gbọ́ ọ. "Nílé tiwa, ìyá ìyá ọmọ ló ń fi iyọ̀ àti òróró pa á lára kí oòrùn ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ̀. Ìyá mi ṣe é fún Rihab. Ìyá ìyá mi ṣe é fún èmi. Láti ìdájí ni mo ti dúró síbí."

Inú mi dùn. Mo mọ̀ nípa iyọ̀ yẹn! Wòlíì kan mẹ́nu kàn án: ọmọ tí a kò fi iyọ̀ pa lára, ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò ṣàánú ni. Àwa náà sì mọ ohun tó ń mú kí ìyá di ẹrù, kó lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ.

Ilé kan ló tò sí ẹ̀yìn mi. Ilé gidi, olójú fèrèsé mẹ́fà, apá kan rẹ̀ ti wó, irin yọ síta lára rẹ̀ bí egungun. Mo kí i, torí a jọ ń tò ni.

"Ẹ kú ìdúró o, bàbá."

"Mo wá béèrè ẹni tí mo ṣẹ̀ ni," ilé náà wí. "Bọ́ǹbù bọ́ lé mi nígbà tí wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n lọ mú ẹlẹ́rìí wá."

"Àwọn tó ń gbé inú yín ńkọ́?"

"Mo ṣì ń wá wọn nínú ara mi."

Mo sún síwájú díẹ̀, kí àyè lè gbà á.

Ìgbà tó yá, ó kan Umm Wajih. Sójà tó jókòó sẹ́nu géètì kò ju ẹni ogún ọdún lọ, síbẹ̀ "ìwọ" ló ń pe ìyá àgbà.

"Kí lo gbé?"

"Iyọ̀ ni, ọmọ mi."

"Iyọ̀ wo? Jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ."

Iyọ̀ jókòó dáadáa nínú àpò, ó wúkọ́. "Inú Òkun Iyọ̀ ni wọ́n ti bù mí, nísàlẹ̀ òkè yẹn. Mo ti wà kí ẹ tó mọ ògiri yìí."

"O ní ẹbí?"

"Obìnrin kan wà tó bojú wẹ̀yìn nígbà tí ìlú rẹ̀ ń jó. Láti ọjọ́ náà la ti jọ di ẹbí."

Sójà kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. "Ẹbí ẹ ń bojú wẹ̀yìn! Ọ̀rọ̀ ààbò nìyẹn. Ẹ lọ gba ìwé àṣẹ ní ọ́fíìsì."

"Ọ́fíìsì dà?"

Ó tọ́ka sí òkè. Lóòótọ́, ọ́fíìsì náà ń léfòó lókè orí wa bí àwọsánmà, wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó géètì. Umm Wajih so àpò mọ́ ìdí, ó gun okùn lọ. Mo gùn tẹ̀lé e. Nígbà tí mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, òun kò mí bẹ́ẹ̀.

"Ó ti mọ́ mi lára," ó wí.

Akọ̀wé kan tó so táì wà lẹ́yìn tábìlì. "Ìwé àṣẹ láti wo ọmọ tuntun? Ọmọ náà ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè, ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú kí wọ́n tó bí i."

"Ọmọ tí wọn ò tíì bí?"

"Àìbìkítà ló ṣe é tí kò kọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n bá a kọ ọ́."

"O ti rí i rí?"

"Rárá."

"Báwo la ṣe mọ̀ pé ẹ bá ara yín tan?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọjá, kí n lọ rí i!"

"O gbọ́dọ̀ ti rí i kí o tó lè kọjá."

Ọ̀rọ̀ yìí sú mi. Mo na àwòrán ilẹ̀ mi sí i. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ wo bí ilẹ̀ náà ṣe rí níbí."

Ó wò ó, ó dá a padà. "Tàná lèyí. Tọ̀la là ń lò, wọn ò sì tíì yà á tán."

Umm Wajih jókòó sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. "Ọmọ mi," ó wí, "ìwọ náà ní ìyá. Ta ló wẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ?"

Akọ̀wé la ẹnu láti dáhùn. "Mẹ́ẹ̀" ló jáde. Ó ti di ewúrẹ́, pẹ̀lú ìwo, pẹ̀lú irùngbọ̀n, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ìyípadà o." Ó fo tábìlì kọjá, ó ti ẹnu bọ àpò Umm Wajih, ó bẹ̀rẹ̀ sí lá iyọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ewúrẹ́ pẹ̀lú iyọ̀. Umm Wajih fà á nírùngbọ̀n títí, kò gbọ́. Mo yọjú wo ìsàlẹ̀: sójà náà ti di ewúrẹ́, ó ń jẹ okùn wa. Okùn já. Afẹ́fẹ́ gbé ọ́fíìsì kọjá orí ògiri, ó sì bà sórí òrùlé Rihab láìgba ìwé àṣẹ kankan.

A sọ̀ kalẹ̀ wọlé. Rihab wà lórí ibùsùn, ó gbé ọmọ sáyà.

"Mama, ẹ mà pẹ́ o."

"Ìlà gùn, ọmọ mi."

Oòrùn ku bíńtín. Umm Wajih tú àpò: òfìfo. Ewúrẹ́ ti lá iyọ̀ tán, ó tún lá àpò. Rihab bú sẹ́kún.

Umm Wajih kò sunkún. Ó gbé apá rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Òógùn tó ti ń ṣàn láti ìdájí ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó ti funfun lápá, lọ́rùn, níwájú orí. Ó da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ra apá ara rẹ̀, ó kó iyọ̀ ara rẹ̀, ó sì fi pa ọmọ náà láyà, lẹ́yìn, lẹ́sẹ̀.

"Ìyá mi kò lo irú èyí," ó wí, "ṣùgbọ́n iyọ̀ ni." Ọmọ náà dákẹ́.

Ewúrẹ́ onítáì kan ilẹ̀kùn. "Ìwé àṣẹ òógùn dà?"

Ẹ̀yin ará mi, gbogbo nǹkan ni mo ti fara mọ́. Ilé sọ̀rọ̀, mo kí i. Ọ́fíìsì léfòó, mo gùn ún. Ṣùgbọ́n èyí, rárá o. Mo pariwo: "Ó tó! Ẹ jẹ́ kí ìyá rí ọmọ rẹ̀! Ọlọ́run tó dá ewúrẹ́, tó dá èèyàn, ń wò yín!"

Igbe yẹn ló jí mi.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo bọ́jú, mo mú ìwé orin, mo jáde lọ síbi àdúrà òwúrọ̀. Géètì àdúgbò wa ṣì wà ní títì. Bàbá Bùráímọ̀ tó ń ṣọ́ ọ ń rin orín.

"Ẹ kú àárọ̀ mà. Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Mò ń lọ síbi àdúrà."

"Ẹ rántí mi níbẹ̀ o." Ó fi ọwọ́ kan fa géètì, kò tilẹ̀ yọ orín lẹ́nu.

Mo dúró. Mò ń retí kó tún bi mí léèrè nǹkan.

"Ó ti ṣí o, mama," ó wí. "Ẹ máa kọjá."

Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni mo fi kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ àlá mi, ọ̀nà kò ní dí mọ́ yín. Ẹ ó gbé ọmọ-ọmọ yín lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò ní bi yín léèrè ìwé. Kí Ẹni tó ń ṣí tí ẹnikẹ́ni kò lè tì ṣí i fún Umm Wajih àti fún gbogbo ìyá tó wà lórí ìlà yẹn, kí oòrùn wọn tó wọ̀. Àmín.