Iṣu Olùkọ́ Ẹ̀bùnọlá

Ẹni tó bá rí Ìyá Ẹ̀bùn lórí ọ̀kadà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn lọ́dún 1999, láti Ìjan títí dé Fájuyì ní Adó-Èkìtì, tó gbá àpò iṣu mọ́ra bí ọmọ tuntun, yóò rò pé ọjà ló ń lọ. Kò lọ ọjà kankan. Ó ń lọ fa ọmọ rẹ̀ lé olùkọ́ lọ́wọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tipẹ́. Ẹ̀bùnọlá, àkọ́bí rẹ̀, ní òun ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà afárá ní yunifásítì òkè òkun, síbẹ̀ kò kúrò ní Adó. Kò di àpótí, kò wọ ọkọ̀ òfuurufú, pásítọ̀ kò gbàdúrà ìdágbére fún un. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Irú ilé ìwé wo nìyẹn? Ní Èkìtì tiwa yìí, òbí lè ta aṣọ ọrùn rẹ̀ kí ọmọ lè kàwé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fojú kan olùkọ́, kó gbé iṣu fún un, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ọmọ mi rèé o." Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí wọn kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, lójú Ìyá Ẹ̀bùn, eré lásán lọmọ náà ń ṣe.

Ọjọ́ yẹn gan-an sì ni Bàbá Jùwọ́n, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá nílé iṣẹ́ ìjọba, fẹ́ gbọ́ èsì. Ó ti bá Ẹ̀bùnọlá wá iṣẹ́ tíṣà sí abúlé kan tí kò ní tẹlifóònù, bẹ́ẹ̀ wáyà tẹlifóònù ni ẹ̀kọ́ inú kọ̀ǹpútà ń gbà wọlé, láìsí i, ó parí nìyẹn. "Iṣẹ́ tíṣà dájú," ni Bàbá Jùwọ́n wí. "Ta ni yóò gba obìnrin síṣẹ́ afárá?" Ẹ̀bùnọlá ní òun kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n bí ìyá òun bá ní kí òun lọ, òun á lọ. Ọmọ gidi ni, ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn.

Ilé kọ̀ǹpútà tí Ẹ̀bùnọlá ti ń kàwé ní Fájuyì kò ju ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ. Ẹ̀bùnọlá rí ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Yèyé mi, ẹ káàárọ̀. Kí lẹ gbé?"

"Uṣu ni. Olùkọ́ rẹ dà?"

Ayọ̀kúnlé tó ni ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹ̀bùn wò ó títí ẹ̀rín náà fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀bùnọlá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ bá a sọ," ó ní. "Màá kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kíá."

Ìyá Ẹ̀bùn tún gèlè rẹ̀ wé, ó dojú kọ kọ̀ǹpútà, ó sì kúnlẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ fa ọmọ kalẹ̀ kì í nàró gbagidi.

"Olùkọ́, ẹ kú uṣẹ́ o. Èmi ni mo bí i. Bàbá rẹ̀ ti kú. Mo gbé uṣu wá fún yín, ọ̀nà ló jìn. Mo fà á lé yín lọ́wọ́. Tó bá ṣe àṣìṣe, ẹ bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ má purọ́ fún mi: tó bá parí, ṣé uṣẹ́ wà?"

Bí Ẹ̀bùnọlá ti fi í ránṣẹ́ tán báyìí, iná lọ.

Ayọ̀kúnlé fa jẹnẹrétọ̀ títí, kò dáhùn. Níbi tí wọ́n ti ń dúró, Ẹ̀bùnọlá tẹ́ bébà ńlá kan sórí itan ìyá rẹ̀. Ìyá Ẹ̀bùn kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó rí. Odò ọ̀nà oko wọn ni, tòun ti àwọn òkúta rẹ̀, odò tó fẹsẹ̀ là kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó, tó ti gbé ẹrù rẹ̀ lọ rí. Afárá kan sì wà lórí rẹ̀, tí kò sí níbẹ̀ rí.

"Ìwọ lo ya èyí?"

"Èmi ni. Olùkọ́ ní kí kálukú wá odò tó mọ̀."

Omi bọ́ lójú Ìyá Ẹ̀bùn. Ọmọ tí òun pọ̀n sẹ́yìn kọjá odò yìí! Ayọ̀ kún inú rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á pẹ̀lú: bí olùkọ́ kò bá dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú ńkọ́?

Ọ̀sán ti rọ̀ kí iná tó dé. Èsì ti wà níbẹ̀. Ẹ̀bùnọlá túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Ìyá, mo gbà á lọ́wọ́ yín. Obìnrin lèmi náà. Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ìyá mi ń sunkún pé kò sẹ́ni tí yóò gbà mí. Kí n tó di olùkọ́, mo ti ṣe afárá tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá. Ẹni tó bá ṣèlérí iṣẹ́ fún yín, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n níbi tí odò bá wà, wọ́n á máa wá irú ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kó bá mi jẹ iṣu náà."

Ìyá Ẹ̀bùn ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó gbé àpò iṣu lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Olùkọ́ rẹ ló ní kí o jẹ ẹ́. Uyán ni kí o fi gún o, má lọ sè é lásán."

Ó yà sọ́dọ̀ Bàbá Jùwọ́n. "Ẹ ṣeun, ẹ kú àníyàn wa. Ọmọ ti wọ ilé ìwé." Bàbá Jùwọ́n ṣì ń pariwo nígbà tí Ìyá Ẹ̀bùn gun ọ̀kadà padà.

Lójú ọ̀nà Ìjan, ó ní kí ọlọ́kadà dúró lórí afárá kan tó ti gbà kọjá láìmọye ìgbà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa.

"Ta ló ṣe afárá yìí?"

"Ìjọba ni, Ìyá."

"Irọ́ ni," ni Ìyá Ẹ̀bùn wí. "Ọmọ ẹnì kan ni."