Ejò Funfun Inú Àgò Djaffar

Àbúrò mi Djaffar kì í fi kọ́kọ́rọ́ àgò ejò rẹ̀ sílẹ̀. Nílé wa ní Bantè, òun nìkan ló ń ṣí i, òun nìkan ló ń fún òjòlá méjì tó wà nínú rẹ̀ ní eku jẹ. Láti kékeré ló ti ń sìn wọ́n, akọ kan, abo kan, tí àwọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ti òjòlá yòókù. Àwọn oníbàárà láti Cotonou ló ń ra ọmọ wọn lọ sí òkè òkun, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi ejò ṣe ohun ọ̀sìn inú ilé. Kí ni wọ́n ń rí lára rẹ̀? Ọlọ́run ló mọ̀.

Lọ́dún yìí, ẹyin mẹ́fà pa. Márùn-ún jọ òbí wọn. Ìkẹfà funfun, àmì ara rẹ̀ dà bí èèpo ìyeyè, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Inú Abdel-Aziz, oníbàárà Djaffar, dùn débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Djaffar bi í pé níbo ni funfun ti wá. Abdel-Aziz ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó kàn fara pamọ́ ni. Bí àwọn méjèèjì bá jọ fi í lé ọmọ kan lọ́wọ́, ọmọ náà á funfun. Ti ẹnìkan ṣoṣo kò tó. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti èèyàn.

Djaffar wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀. Akọ mìíràn kò wọ àgò yẹn rí. Ó wá wò mí, mo sì mọ ohun tó ń rò.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, Rachidath ìyàwó rẹ̀ bí àfín. Ó gbé Kùránì, ó búra pé òun kò mọ ọkùnrin mìíràn. Djaffar ní kò sí àfín ní ìdílé wa. Èmi ọmọbìnrin ilé, tí Rachidath ń pè ní ọkọ rẹ̀, èmi ni mo kó ẹrù rẹ̀ síta. Ẹnu mi mú ju abẹ lọ nígbà náà. Ó pọn Moubarakath, ọmọ rẹ̀, ó bá ọ̀nà Savalou lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀ ẹ́,” ni Djaffar wí. “Mo fẹ́ kí àwọn méjèèjì padà wálé.”

A gun alùpùpù lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A bá Rachidath nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, nítòsí ọjà iṣu. Ó fún wa lómi. Djaffar dọ̀bálẹ̀, ọkọ fún ìyàwó, ó sì ro ọ̀rọ̀ ejò náà délẹ̀. Rachidath gbọ́ ọ tán, kò bínú. Ì bá tiẹ̀ bínú. Èmi ló kọjú sí.

“Ọkọ mi, mo fi Kùránì búra, ẹ ò gbà. Ejò lẹ wá gbà gbọ́.”

Mo béèrè ọmọ. Ó nawọ́ sí àkẹtẹ̀ kékeré kan tó wà lára ògiri. Ó ní nígbà tí òun kúrò nílé wa, iṣẹ́ oko olóko lòun rí ṣe, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, nínú oòrùn. Oòrùn ló dá egbò sí ọmọ náà létí. Egbò náà kò jinná, ó di jẹjẹrẹ. Wọ́n sin ín ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá.

Ọwọ́ tí mo fi kó ẹrù yẹn ṣì wà lára mi.

Abdel-Aziz ti wá lẹ́ẹ̀mejì, Djaffar kò ta ejò náà fún un. Bí oòrùn bá ti mú, Djaffar á fa ẹní bo àgò náà kí ó má baà kan ejò funfun náà. Mo máa ń bá a di etí ẹní kan mú.