Kẹ̀kẹ́ Pupa Inú Mítà

Kẹ̀kẹ́ pupa náà ṣì ń yí.

Mùnírátù dúró sínú kòtò mítà, omi ẹlẹ́rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ìdí sókè, orí nísàlẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu gíláàsì mítà náà lẹ́ẹ̀kejì. Kẹ̀kẹ́ tí kò tóbi ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ ni, ṣùgbọ́n ó ń yí bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kánjúkánjú. Wọ́n sì ti ní kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ ti ẹ̀rọ omi wọn. Ta ló wá ń fa omi?

"I talk am!" ó pariwo sókè. "E dey turn!"

Orí mẹ́fà yọ sí i láti ẹnu kòtò. Worlu, kiatékà tó ń bá onílé mójú tó ilé ìtajà náà, ló ṣíwájú wọn, ẹ̀wọ̀n irin àti àgádágodo lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fa omi ìjọba dé àdúgbò wọn ní Mgbuoba, mítà kan ṣoṣo ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún gbogbo ilé ìtajà náà. Mítà kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, àpapọ̀ omi ló ń kà. Nígbà tí ìwé owó omi tuntun dé, tí àpapọ̀ náà fò sókè lójijì, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tó jẹ̀bi kiri. Ta ló ń fọṣọ? Mùnírátù ló ń fọṣọ. Wọ́n ṣèpàdé láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yìí nígbà tó ń fọṣọ lọ́wọ́ lẹ́yìn, wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n wá bá a pé aago méjì ọ̀sán làwọn máa ti páìpù rẹ̀ pa. Wọ́n tiẹ̀ ní kó má bínú.

Kó má bínú! Aṣọ iṣẹ́ àwọn aṣọ́bodè kọ́sítọ́ọ̀mù mẹ́rìnlá ló wà nínú ọṣẹ nínú bàsíà rẹ̀. Wọ́n fẹ́ wọ̀ wọ́n lọ sí páréèdì lọ́la, kò sì tíì fi omi ṣan ẹyọ kan. Bí ọṣẹ bá gbẹ mọ́ wọn lára, àwọ̀ wọn á ṣí, a ò sì ní rí kọ́sítọ́ọ̀mù kan tó máa gbé aṣọ fún un mọ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn ló gbé ṣọ́ọ̀bù náà ró láti ọdún mẹ́sàn-án. Ló bá ní kí wọ́n ti gbogbo ẹ̀rọ omi. Bí mítà bá dúró, kí wọ́n gé òun. Bí kò bá dúró, ẹni tó ń fa omi ní kọ̀rọ̀ ni kí wọ́n gé. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni fèsì, ó ti ká ìró sókè, ó ti fò sínú kòtò.

"Maybe na your own dey leak," ni Mama Ibinabo wí. Òun ló ń se oúnjẹ tà ní ṣọ́ọ̀bù kìíní.

"My own?"

Páìpù mẹ́fà ló tò lẹ́yìn mítà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ roboto tí wọ́n fi ń tì í, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù sí i lára. Mùnírátù di nọ́ńbà mẹ́rin mú, tirẹ̀ nìyẹn, ó lọ́ ọ títí irin fi ké.

"I don lock am. E still dey turn. Mama Ibinabo, bend down look, your neck no go break."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Mama Ibinabo bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó pòṣé.

Ara Mùnírátù yá gágá. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: tó bá ti rí i pé òun jàre, ara rẹ̀ kì í gba ìjókòó. Ó ń lọ́ wọn pa lọ́kọ̀ọ̀kan, kò tò wọ́n, kò pe nọ́ńbà, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. Ó bú àwọn tó nawọ́, ó bú àwọn tí wọ́n bá sọ pé àwọn ò nawọ́. Kẹ̀kẹ́ ń yí. Ó lọ́ òmíràn. Kẹ̀kẹ́ ń yí. Ó tún lọ́ òmíràn.

Kẹ̀kẹ́ dúró.

"Ó dúró! E don stop! Ọwọ́ ti tẹ̀ ọ́, olè!"

Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Márùn-ún.

Nọ́ńbà márùn-ún ni ti Adédàpọ̀, télọ̀ tí ògiri kan pín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti Mùnírátù. Àwọn méjèèjì nìkan ni Yorùbá níbẹ̀. Kí ni télọ̀ fẹ́ fi omi ṣe? Èyí tó ń wọ́n sí aṣọ kó tó lọ̀ ọ́ kò kún ife.

"Which number?" Worlu béèrè. Kòtò jìn, ẹ̀yìn Mùnírátù sì bo ibẹ̀, kò sẹ́ni tó rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà.

Ó gbójú sókè. Adédàpọ̀ dúró láàárín wọn, téèpù lọ́rùn, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ní àtẹ́lẹwọ́. Mùnírátù ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí: nígbà tí gbogbo èèyàn wọlé lọ ti ẹ̀rọ omi, òun nìkan ni kò wọlé. Ó ní tòun ti wà ní títì. Ọkùnrin náà lóṣòó sí ẹnu kòtò, ó na ọwọ́ sí i bí ẹni fẹ́ fà á jáde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń kí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, Ìyá Fàdílátù. Ìyá mi ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Omi ti wọ ilé wa ní Iwofe. Wọn ò lè dìde mọ́, ibi tí wọ́n sùn sí ni wọ́n ń tọ̀ sí. Aṣọ wọn ló wà lábẹ́ ẹ̀rọ omi, mi ò lè ṣílẹ̀kùn lójú àwọn èèyàn yìí. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé. Tí onílé bá gbọ́ pé èèyàn ń sùn níbẹ̀, ìta la máa sùn lónìí."

"Wetin him talk?" Worlu ké. "Speak make everybody hear!"

Mùnírátù náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ náà sì nawọ́ sókè láàárọ̀ pé kí wọ́n gé mi."

"Mo nà á, mà."

Kò wá àwáwí. Ìyẹn ló dùn ún jù. Ìbá ṣe pé ó parọ́ ni, ì bá ti rí nǹkan fi bú u.

"Madam! Which number?"

Ọwọ́ Mùnírátù ti ń ṣí nọ́ńbà márùn-ún padà kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ó fi ojúgun bò ó, ó sì yára ti èyí tó kù.

"He say my wrapper don loose," ó dáhùn, ẹ̀rín sì ta lókè. "And I no see well before. E no stop. Come look am. Everything lock, e still dey turn. Na landlord pipe dey leak for ground!"

Worlu sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó. Ọwọ́ roboto kì í sọ fún èèyàn bóyá ó ṣí tàbí ó tì. Ó dán nọ́ńbà kìíní wò, ó le. Ó dán ìkejì wò, ó le. Mùnírátù kò yẹ ojúgun rẹ̀ kúrò. Worlu nàró.

"Monday, plumber go come dig. But leak na small thing, e no fit drink all that water. As we vote, na so e go be."

Ó wé ẹ̀wọ̀n mọ́ nọ́ńbà mẹ́rin, ó fi àgádágodo sí i. Kó.

Gbogbo wọn ń retí ariwo. Mama Ibinabo tiẹ̀ ti sún sẹ́yìn. Mùnírátù gun òkè, ó fún omi kúrò létí ìró rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Mama Fadila, you no go talk?"

Kò wẹ̀yìn.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ìfófòó ti ń kú lórí aṣọ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó jókòó. Ó dìde. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó padà. Òun Mùnírátù, tó máa ń sọ òótọ́ sójú ọlọ́pàá, òun ló parọ́ fún kiatékà! Tí púlọ́ńbà bá walẹ̀ ní Mọ́ńdè tí kò rí nǹkan kan, ṣebí á tọ páìpù dé nọ́ńbà márùn-ún ni. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi aṣọ mẹ́rìnlá ra fún ẹni tó nawọ́ sókè. Ta ló rán an?

Ó gbé bàsíà karí, ó gba ẹ̀yìn, ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn télọ̀.

"Ṣílẹ̀kùn! Ọwọ́ mi ò sófo."

Adédàpọ̀ ṣí i díẹ̀, ó rí i, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Dìde jàre, ọṣẹ ti kán sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Tèmi ti tì, tìẹ ń ṣàn. Ibí ni mo ti máa ṣan aṣọ mi. Kó aṣọ ìyá rẹ wá, kí n bá ẹ tún un fọ̀. Ọṣẹ tí ò kúrò lára aṣọ máa bó wọn lára. Ní Mọ́ńdè, wọ́n máa walẹ̀. Ronú."

"Mo ń ronú, mà."

"Ronú kíákíá."

Lẹ́yìn aṣọ tó ta sí àárín yàrá, láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ àti tábìlì ìlọṣọ, ìyá arúgbó kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ẹní, ó kọjú sí ògiri. Mùnírátù sọ bàsíà kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Ara yín á le."

Ìyá náà rọra yí orí.

"Ìwọ ni," ó ní. "Ìwọ lo ni ohùn yẹn."

"Ohùn wo, mà?"

"Ti ẹ̀yìn ògiri. Tó ń bá gbogbo ayé jà." Ẹ̀rín pa á díẹ̀. "Dàpọ̀ kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń ránṣọ. Ohùn rẹ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Kí ló dé tí o dákẹ́ lọ́sàn-án yìí? Mo ti ń retí rẹ."

Mùnírátù lanu láti fèsì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi ń ṣàn láti ẹnu ẹ̀rọ sínú bókẹ́ẹ̀tì, lórí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú rẹ̀. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun kò sì gbọ́ ọ rí.

Ó gbé ọwọ́ lé ògiri náà. Kò tiẹ̀ nípọn.