Ta Ló Di Ọwọ́ Mi Mú?

Abẹ kọ́ ló ba Màmá Monínúọlá lẹ́rù, bí kò ṣe pé wọ́n ní kò ní sùn tí wọ́n á fi ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un. Àgbẹ̀ ni l'Ìjan-Èkìtì. Awọ funfun ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì, tọ̀tún ni dókítà kan l'Adó sì fẹ́ kọ́kọ́ bá a ṣí.

Abẹ́rẹ́ pa ojú náà kú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ là sílẹ̀. Lábẹ́ aṣọ tí wọ́n dà bò ó, ó ń gbọ́ bí irin ṣe ń kan irin. Ìgbà náà ni ọwọ́ kan wọlé, ó di tirẹ̀ mú. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń rọra lọ, ó ń bọ̀, lẹ́yìn ọwọ́ màmá. Ẹni náà kò fọhùn. Àyà màmá tó ń lù kì-kì-kì rọlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe gbé e jáde, ó bi Adéjọkẹ́ ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé ìwọ lo wá di ọwọ́ mi mú?"

"Èmi kẹ̀? Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dá mi dúró sí."

Nílé Adéjọkẹ́ l'Òkè-Ìlá, l'Adó níbẹ̀, màmá ń rò ó ṣáá. Ṣé dókítà ni? Ojú ni ọwọ́ tirẹ̀ wà. Kò sì lè jẹ́ Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́mi, tó jágbe mọ́ ọn láàárọ̀ pé ó ń fọwọ́ nu ojú.

Lọ́jọ́ kejì, Fúnkẹ́mi náà ló tú báńdéèjì. Ó na ọwọ́ pé kí màmá dìde. Màmá dì í mú, ó mọ ọwọ́ náà, kò fi í sílẹ̀ mọ́.

"Ìwọ ni! Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Bí mo bá fọhùn, ẹ ó yí orí sọ́dọ̀ mi ni, Màmá, ẹ ò sì gbọdọ̀ mira. Bí ó bá dùn yín, ẹ ó fún ọwọ́ mi pọ̀, ìyẹn ni màá fi mọ̀, màá sọ fún dókítà."

"Uṣẹ́ ni nígbà náà?" Ohùn màmá lọ sílẹ̀.

"Uṣẹ́ ni, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àmọ́ nígbà tí dókítà parí, ẹ ò fi mí sílẹ̀. Èmi náà ò sì fẹ́ já ọwọ́ mi gbà."

"Igbe àárọ̀ àná ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Ìdọ̀tí ọwọ́ lè ba ojú jẹ́."

Màmá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ó ti rò pé àgbà obìnrin ló ní ohùn yẹn.

"Ọjọ́ wo lo máa ń wà níbí?" ó béèrè. "Ó ku ojú òsì."