Ibi Tí Iná Ti Dúró

Joost Verhulst, olùkọ́ nílùú Zutphen, fẹ́ràn àpọ́nlé. Lọ́jọ́ tó gbé ìgò omi rẹ̀ tó ń gba iná mànàmáná pamọ́ lọ sí gbọ̀ngàn àwọn ahunṣọ, ó fi iná náà kún inú rẹ̀, ó sì ní kí àwọn èèyàn di ọwọ́ ara wọn mú yí ká. Ẹni àkọ́kọ́ gbá ìgò mú, ẹni ìkẹyìn fọwọ́ kan irin orí rẹ̀. Iná gbé wọn, wọ́n ta gìrì. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Evert, ọmọkùnrin tó ń ṣe búrẹ́dì, ńṣe ló dúró. Wọ́n tún un ṣe. Bákan náà ni.

"Ọ̀gá, kí ló dé?"

Joost ò mọ̀. Dípò kó sọ bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin gidi nìkan niná yìí máa ń gbà lára kọjá. Bóyá nǹkan kan wà tí Evert ò tíì sọ fún Geertje àfẹ́sọ́nà rẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. "Evert, ṣé kí n yá ẹ ní síkẹ́ẹ̀tì ni?" Evert jáde. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bàbá Geertje ti ní òun ò fọmọ òun fún un mọ́.

Lẹ́yìn òjò kan, Joost gbé ìgò rẹ̀ padà sí gbọ̀ngàn náà, omi sì wọ inú bàtà rẹ̀ níbi tí Evert dúró sí. Abẹ́ òkúta ibẹ̀ ló ti ń sun. Ó ní kí àwọn ahunṣọ dúró síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ ẹni tó bá ti dúró síbẹ̀ niná ń gbà wọlẹ̀. Ìtìjú bò ó. Búrẹ́dì Evert ló wà lórí tábìlì rẹ̀ nílé. Kò lè fẹnu kàn án.

Ó tún pe ìlú jọ, òun fúnra rẹ̀ sì dúró síbi tómi ti ń sun náà. Iná dúró lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Háà! Ọ̀gá náà!"

Ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. "Ilẹ̀ tútù ni. N ò mọ̀, mo wá purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Evert wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun lápá. "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Àmọ́ àwọn tó fi mí ṣẹ̀sín ò pé síbí. Ọ̀rọ̀ yín ti dójà, ó ti dé etídò."

"Ilé ta ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ilé Geertje."

Bàbá Geertje wò ó tẹsẹ̀ torí, kò ní kó jókòó. Orí ìdúró ni Joost ti jẹ́wọ́ irọ́ tó pa. Geertje gba ẹ̀gbẹ́ Joost kọjá lọ bá Evert tó ń dúró níta, kò wojú olùkọ́ náà rárá.

Joost dé fìlà rẹ̀, ó yà sílé kejì.