Kámẹ́rà Kan fún Ìbejì

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Táíwò àti Kẹ́hìndé ní Ìgbó-Ọrà, Búrẹ́mọ̀ bàbá wọn kò ra ohunkóhun ní ẹyọ kan fún wọn rí. Síléètì méjì ni, àpótí méjì ni, agboòrùn méjì ni. Ní ọdún 1973, tí àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ń lọ kàwé ní Kàdúná, kámẹ́rà nìkan ló kù tí kò tíì rà.

Láńrewájú, ayàwòrán tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọjà, kó mẹ́ta síwájú rẹ̀. Méjì tóbi, wọ́n jọra gẹ́lẹ́, wọ́n sì wúwo bí ọmọ ọlọ. Ẹ̀kẹta kéré, ó wọ àpò ẹ̀wù, èèyàn á kàn tẹ̀ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ.

“Eléyìí ló dára fún ìrìn-àjò, Bàbá Ìbejì.”

“Ẹyọ kan, fún ìbejì? Láńre, kí lo ń wí yìí?”

Búrẹ́mọ̀ fi ìbínú fa àwọn ńlá méjèèjì mọ́ra, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Báwo làwọn ọmọ yìí ṣe fẹ́ gbé irú ẹrù báyìí kọ́rùn dé Kàdúná?

Kẹ́hìndé, tí òun àti Táíwò dúró lẹ́yìn bàbá wọn, bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, bí àwa méjèèjì bá di kámẹ́rà mú, ta ni a ó máa yà?”

Búrẹ́mọ̀ wo Kẹ́hìndé, ó wo Táíwò. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ ẹrù iṣu.

“Di kékeré yẹn fún wa,” ó wí, ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀.

Láńrewájú béèrè bóyá kí òun fi fíìmù kan sí i.

“Méjì!” ni Búrẹ́mọ̀ jágbe mọ́ ọn.